Fadákà Tó Wọ Ẹ̀námẹ́ẹ̀lì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Díye Lé Ohun Ọ̀ṣọ́ Àtijọ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè bí wọ́n bá gbé ohun ọ̀ṣọ́ fadákà àtijọ́ síwájú adíyelé, ìyẹn ẹni tó ń fi ìmọ̀ sọ iye owó tí nǹkan tó, ni bí ó ṣe wúwo tó, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n ta wúrà àti fadákà. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu fún ẹ̀gbà fadákà lásán, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí èyí tí wọ́n fi ẹ̀námẹ́ẹ̀lì bò lójú. Bí búróòṣì kan, ìyẹn ohun ọ̀ṣọ́ onípíìnì tí wọ́n fi ń há aṣọ láyà, bá wọn gíráàmù 8, tí ó sì jẹ́ irú fadákà tí ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, fadákà gidi tó wà nínú rẹ̀ kò lè ju gíráàmù 7.4 lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ọ́ǹsì tí wọ́n fi ń ta fadákà lọ́jà àgbáyé. Ìṣirò yẹn pàápàá ti pọ̀ jù, nítorí pé dígí tó wà lójú búróòṣì náà wà lára gíráàmù 8 tí wọ́n wọ̀n. Ẹni tó bá yọ́ ọ nítorí fadákà inú rẹ̀ ti torí owó táṣẹ́rẹ́ ba ohun tó níye lórí jẹ́. Inú dígí ni iye rẹ̀ wà, àti lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, àti nínú bí dígí náà ṣe pé pérépéré títí di òní. Ìdí nìyẹn tí adíyelé tó mọṣẹ́ kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n.

Ẹ̀námẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọ̀dà bí àwọn kan ti rò. Dígí ni, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n rẹ sínú omi, tí wọ́n tẹ́ sójú irin, tí wọ́n sì gbé sínú ààrò tí iná rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 750 sí 850 Celsius, títí tí yóò fi yọ́ tí yóò sì lẹ̀ mọ́ irin náà típẹ́típẹ́. Ẹni tó bá ti fi abọ́ tánganran jẹun rí ti fọwọ́ kan irú rẹ̀, nítorí pé dígí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi bo irin abọ́ ọ̀hún, ó sì mọ̀ pé bí abọ́ náà bá já lulẹ̀, dígí ojú rẹ̀ á hó, irin dúdú á sì yọ síta. Èròjà tí wọ́n pò mọ́ dígí ló ń fún un ní àwọ̀: cobalt ló ń sọ ọ́ di búlúù, bàbà ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé tàbí búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fara jọ ewé, èròjà tin ló ń sọ ọ́ di funfun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá, wúrà ni wọ́n sì ń lò fún pupa tó jinlẹ̀ jù lọ. Iṣẹ́ yìí le lórí fadákà ju bí ó ṣe le lórí bàbà lọ, nítorí pé fadákà tí wọ́n ti lú pọ̀ mọ́ bàbà díẹ̀ kí ó lè le ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 800, tó fi jẹ́ pé bí iná bá kọjá bó ti yẹ díẹ̀ péré, dígí àti fadákà á jọ bàjẹ́. Pupa tí wọ́n fi wúrà ṣe tún ní ìyọnu tirẹ̀, torí pé bí ó bá kan fadákà ní tààrà inú iná, ó máa ń yí sí àwọ̀ ọsàn tàbí ti ilẹ̀, àyàfi bí oníṣẹ́ bá kọ́kọ́ fi dígí tí kò ní àwọ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, pupa tó mọ́ gaara lórí fadákà yẹ ní wíwò lẹ́ẹ̀mejì, yálà nítorí pé ọ̀gá ló ṣe é ni tàbí nítorí pé kì í ṣe dígí rárá.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà fi dígí sí fadákà lójú. Àwọn kan máa ń fi wáyà tín-ín-rín ya ilé kéékèèké sójú irin kí wọ́n tó da dígí sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní cloisonné. Àwọn mìíràn máa ń gbẹ́ irin náà wọnú láti ṣe kòtò fún dígí, èyí tí í ṣe champlevé. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù lọ lára àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé wá fún ìdíyelé ni guilloché, nínú èyí tí ẹ̀rọ ti máa ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sójú fadákà, yálà ìlà tó ń lọ bí ìgbì omi tàbí èyí tó ń tàn ká láti àárín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi dígí aláwọ̀ tí ojú lè là kọjá bò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, á la dígí kọjá, á kan àwọn ìlà náà, á sì ta padà, tó fi jẹ́ pé ohun ọ̀ṣọ́ náà á máa yí àwọ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti ń yí ara. Ọ̀nà kan tún wà tó le ju gbogbo èyí lọ, tí wọ́n ń pè ní plique-à-jour, nínú èyí tí kò sí irin kankan lẹ́yìn dígí, tí dígí kàn wà láàárín wáyà fadákà bíi ti fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gbà á kọjá sí òdì kejì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tètè fọ́, ìyẹn ló sì fà á tí èyí tó bá pé lára rẹ̀ fi máa ń wọ́n.

Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni ibi tí ó dára jù láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ẹ̀námẹ́ẹ̀lì lórí fadákà di iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ níbẹ̀ láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí dé ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì, tí ọjà wọn sì tàn dé Bírítéènì àti Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Ọdún 1832 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ J. Tostrup sílẹ̀, David Andersen sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1876 ní Christiania, ìlú tí wọ́n ń pè ní Oslo láti ọdún 1925. Ilé iṣẹ́ méjèèjì kó iṣẹ́ wọn lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1900 ní Paris, níbi tí iṣẹ́ plique-à-jour wọn ti gbayì. Gustav Gaudernack, ọmọ Bohemia tó ń ya àwòrán iṣẹ́ fún David-Andersen, wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà dé òkè téńté. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn àwo ńlá ti ìpàtẹ yẹn ló máa ń dé iwájú adíyelé lójoojúmọ́. Ohun tó sábà máa ń dé ni búróòṣì onírísí ewé tàbí labalábá, yẹtí tó bá a lọ, àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi ewé kéékèèké so pọ̀, tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀rúndún ogún, láti ọwọ́ David-Andersen tàbí àwọn bíi Aksel Holmsen, Hroar Prydz, Ivar T. Holth àti Finn Jensen.

Ẹ̀yìn irú búróòṣì bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ wà. Lára àwọn iṣẹ́ Nọ́wè, òǹtẹ̀ 830S túmọ̀ sí pé ìdá 830 nínú 1,000 jẹ́ fadákà, èyí tí í ṣe òdiwọ̀n àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè náà. 925S ni òdiwọ̀n tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ STERLING àti NORWAY rìn, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníbàárà tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí ń sọ. Ilé iṣẹ́ David-Andersen máa ń lo àwòrán òṣùwọ̀n alápá méjì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tàbí lẹ́tà D-A, nígbà mìíràn sì ni àmì INV. máa ń wà níbẹ̀, tí orúkọ ẹni tó ya àwòrán iṣẹ́ náà, bíi Harry Sørby tàbí Bjørn Sigurd Østern, á tẹ̀lé e. Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1890 ló mú kí ó di dandan pé kí orúkọ orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá hàn lára rẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n bá kọ NORWAY sí lẹ́yìn kò dà bí ohun tó ṣáájú ìgbà náà.

Òǹtẹ̀ ti Bírítéènì kún fún àlàyé ju ti Nọ́wè lọ, torí pé kì í ṣe ẹni tó ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ló ń tẹ gbogbo rẹ̀ bí kò ṣe ilé àyẹ̀wò tí òfin gbé kalẹ̀. Kìnnìún tó ń rìn, tí ó gbé ọwọ́ kan sókè, ló ń jẹ́rìí pé fadákà 925 ni. Ìdákọ̀ró ni àmì ilé àyẹ̀wò Birmingham, orí ẹkùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, idà pẹ̀lú ìtí àlìkámà mẹ́ta sì ni ti Chester, tí wọ́n tì pa ní ọdún 1962. Lẹ́tà kan tún máa ń wà tó dúró fún ọdún tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, irú lẹ́tà náà àti férémù tó yí i ká sì ni wọ́n fi ń ya ọdún kan sọ́tọ̀ sí òmíràn tó lo lẹ́tà kan náà. Ẹni tó bá rí ẹ̀gbà fadákà kékeré tó ní ẹ̀námẹ́ẹ̀lì búlúù àti àwọ̀ ewé, tí lẹ́tà C.H pẹ̀lú òǹtẹ̀ Chester wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó di iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Charles Horner ti ìlú Halifax mú. Bí ó bá sì jẹ́ ìdákọ̀ró Birmingham ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ilé ìtajà Liberty, ó lè jẹ́ ara iṣẹ́ Cymric tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1899, tí Archibald Knox ya àwòrán púpọ̀ fún. Àìsí òǹtẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀tàn, nítorí pé òfin ọdún 1973 ti orílẹ̀-èdè náà yọ fadákà tí kò tó gíráàmù 7.78 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yẹtí kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ilẹ̀ Faransé, orí Minerva, òrìṣà obìnrin ti Róòmù àtijọ́, ni òǹtẹ̀ fadákà. Ní ti Jámánì, òṣùpá àti adé ni, tí nọ́ńbà 800 sábà máa ń bá rìn.

Òǹtẹ̀ lè purọ́ pẹ̀lú. Òǹtẹ̀ Rọ́ṣíà ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú fẹ́ràn jù, nítorí pé orúkọ Fabergé, ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ olókìkí ti ilẹ̀ náà, máa ń sọ ohun kékeré di ohun tí olówó ń jà sí. Nọ́ńbà 84 ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 84 nínú 96 lórí òdiwọ̀n àtijọ́ ti Rọ́ṣíà, tí ó bá 875 nínú 1,000 dọ́gba, wọ́n á sì fi orí obìnrin tó wé gèlè ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà tẹ̀lé e. Ohun tó máa ń tú wọn fó ni pé òǹtẹ̀ tuntun máa ń mú ju ara irin tó yí i ká lọ, nígbà tí ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń nu irin náà ti jẹ òǹtẹ̀ àti irin ní ìdọ́gba. Ẹ̀tàn mìíràn kò kan òǹtẹ̀ rárá: fadákà àtijọ́ tó ní ojúlówó òǹtẹ̀ ni wọ́n á mú, tí wọ́n á wá fi ẹ̀námẹ́ẹ̀lì tuntun ya àwòrán sí i lójú kí ó lè wọ́n sí i, àwọn àpótí ìṣáná kéékèèké ti ayé Ọbabìnrin Victoria sì wà lára àwọn tó máa ń jìyà irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí adíyelé fi gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bóyá ojú àti ẹ̀yìn nǹkan náà jọ dàgbà. Píìnì náà ní ohun tó ń sọ, nítorí pé ìkọ́ lásán tí kò ní ìdè ló sábà máa ń wà lára búróòṣì tó ti pẹ́, èyí tó ní ìdè tó ń yí láti ti píìnì pa sì jẹ́ ti ìgbà tó sún mọ́ wa. Bí ibi tí wọ́n ti jó píìnì mọ́ fadákà bá ní ẹ̀gbin eérú tó dà bí òjé, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ojú wá kàn, ibẹ̀ sì ni àkókò púpọ̀ jù yẹ kó lọ. Bí ó bá jẹ́ búróòṣì onírísí ewé, tí dígí búlúù wà lójú rẹ̀, adíyelé á gbé e sábẹ́ iná kan ṣoṣo, á mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè sá lójú rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì. Ìlà tí ẹ̀rọ fà wà nísàlẹ̀ dígí, ó sì máa ń tẹ̀lé ètò. Ìlà tó bá ré ètò yẹn kọjá, tí ó ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ láti etí ewé wọ àárín, dígí tó sán ni, bí ojú lásán kò tilẹ̀ rí i. Etí ewé àti ṣónṣó rẹ̀ ni dígí ti sábà máa ń hó, nítorí pé ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń gbá a, ibi tó hó náà á sì ṣófo, fadákà á yọ níbẹ̀, tàbí àlà kékeré tó mú ṣáṣá á wà níbẹ̀. Kòtò bíńtín tó rí roboto jẹ́ ọ̀tọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ tó bọ́ nínú iná ló sábà máa ń fà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò sì yẹ kí wọ́n kà á sí ìpalára. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìdíyelé gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ohun tó máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jẹ ni àtúnṣe tí wọ́n fi oje oníke aláwọ̀ ṣe dípò dígí, èyí tí àwọn oníṣòwò kan ń pè ní ẹ̀námẹ́ẹ̀lì tútù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fojú kan iná rí. Ó máa ń bá àwọ̀ dígí náà mu nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kì í dán bíi rẹ̀, ó sì máa ń ṣú tàbí kí ó pọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí a bá wò ó lábẹ́ gíláàsì, etí rẹ̀ á ti gun orí fadákà, torí pé ọ̀nà tí ọ̀dà ń gbà ṣàn ló gbà ṣàn, kò sì ní tẹ̀ lé ìlà guilloché tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Iná ultraviolet, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò, máa ń mú kí oje náà tàn yàtọ̀ sí dígí tó yí i ká. Àwọn kan máa ń fi ṣónṣó abẹ́rẹ́ gún un wò, nítorí pé oje á gba abẹ́rẹ́, dígí kò sì ní gbà á, ṣùgbọ́n kò yẹ kí adíyelé máa gún nǹkan onínǹkan, nígbà tí ojú, gíláàsì àti iná ti tó fún iṣẹ́ náà. Òòfà wúlò fún ìwọ̀nba nǹkan kan: bí ara ohun ọ̀ṣọ́ náà bá fà mọ́ òòfà, kì í ṣe fadákà, ṣùgbọ́n bí kò bá fà, kò tíì dá fadákà láre, nítorí pé idẹ àti bàbà kì í fà pẹ̀lú, píìnì onírin lára búróòṣì fadákà gidi sì lè fà. Omi kíkan tí wọ́n ń kán sára irin láti fi yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀námẹ́ẹ̀lì rárá, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ X-ray fluorescence, tó ń tan ìtànṣán sára irin tó sì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ti wà lọ́wọ́ àwọn ilé àyẹ̀wò.

Ìdí tí àtúnṣe fi ṣòro ni pé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi dígí kún ibi tó hó láìgbé gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ náà padà sínú ààrò, àwọn ibi tí wọ́n ti jó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè yọ́ kí dígí tuntun tó yọ́, dígí àtijọ́ náà sì lè sán sí i. Èyí ló fà á tí ìpalára kékeré fi máa ń já iye rẹ̀ wálẹ̀ gan-an lára ohun tó wọ́pọ̀, nígbà tí àwọn olùrà lè fara mọ́ ìpalára bẹ́ẹ̀ lára plique-à-jour ti ọdún 1900, nítorí pé wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n máa rí òmíràn. Àwọn oníǹkan fúnra wọn náà máa ń fọwọ́ ara wọn ba tiwọn jẹ́, bí wọ́n bá ki ohun ọ̀ṣọ́ náà bọ omi gbígbóná, tàbí omi èròjà tí wọ́n fi ń fọ fadákà, tàbí ẹ̀rọ tó ń fi ìgbọ̀nrìrì fọ nǹkan, kí ó lè dán kí wọ́n tó gbé e lọ fún ìdíyelé. Ó sàn kí ó dọ̀tí dé ọ̀dọ̀ adíyelé.

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló wọ́n. Wọ́n ṣe búróòṣì onírísí ewé pọ̀ débi pé wọ́n ṣì ń rí wọn rà ní gbàǹjo àti lórí pátákó àwọn oníṣòwò bíi ti Portobello Road ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà ti ń kọjá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láìmọ ohun tí ewé búlúù náà jẹ́. Àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n máa ń gbé iye rẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹ̀gbà, yẹtí àti búróòṣì bá pé nínú àpótí wọn àtilẹ̀wá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ya iye sọ́tọ̀ ní tòótọ́ ni ẹni tó ya àwòrán iṣẹ́ náà. Grete Prytz Kittelsen, tó gbé ayé láti 1917 sí 2010, tó sì bá J. Tostrup ṣiṣẹ́, gba ẹ̀bùn Lunning ní ọdún 1952 àti ẹ̀bùn Grand Prix ní ìpàtẹ Triennale ti Milan ní ọdún 1954. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ní òdòdó tàbí labalábá, àwòrán tí àwọ̀ kan ṣoṣo bò ni, tí ẹni tí kò mọ̀ sì lè fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ẹni tó ń wá ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ Korsmo, ti ọkọ rẹ̀ ìṣáájú, ni àwọn ìwé kan fi ń pè é.

Bí gbogbo èyí bá ti parí, ìbéèrè kan ṣì kù tó yẹ kí wọ́n ti bi oníǹkan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iye fún kí ni? Ilé iṣẹ́ adójútòfò fẹ́ mọ iye tí wọ́n máa ná láti ra irú rẹ̀ ní ilé ìtajà bí olè bá jí i, èyí sì ni iye tó ga jù. Bí ó bá jẹ́ ogún ni wọ́n fẹ́ pín, òfin owó orí ogún ti Bírítéènì, ti ọdún 1984, ń fẹ́ iye tí ó lè mú wá bí wọ́n bá tà á lójú ọjà ní ọjọ́ tí olóògbé náà kú, èyí tó sábà máa ń sún mọ́ iye gbàǹjo. Iye tí oníṣòwò máa san lọ́wọ́ tún kéré sí ìyẹn, nítorí pé òun náà gbọ́dọ̀ jèrè. Ohun tí wọ́n fi ń gbé iye wọ̀nyí yẹ̀ wò ni iye tí irú rẹ̀ ti tà ní tòótọ́, kì í ṣe iye tí ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ọn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò rà á. Bí ó bá sì jẹ́ iye gbàǹjo, ó yẹ kí wọ́n sọ bóyá owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lórí olùrà ti wà nínú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà USPAP tí àwọn adíyelé ń tẹ̀lé kò gbà pé kí owó iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdá kan nínú iye tí wọ́n bá dá lé nǹkan, nítorí pé ìyẹn á mú kí ó wù wọ́n láti gbé e sókè. Ó yẹ kí oníǹkan tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá díye lé nǹkan tán tó sì fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀ ní iye náà. Ìwé ìdíyelé tó pé á ní àwòrán ojú àti ẹ̀yìn, ìwọ̀n, gbogbo òǹtẹ̀ bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, ibi tí dígí ti sán tàbí hó, àtúnṣe tí wọ́n rí, irú iye tí wọ́n ń sọ, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bí oníǹkan náà bá fẹ́ iye fún adójútòfò àti fún ogún lórí búróòṣì kan náà, ìwé méjì ni adíyelé á kọ fún un, pẹ̀lú iye méjì tí kò dọ́gba, méjèèjì á sì jóòótọ́.